Lẹ́tà Àbúrò Mi Tí Mo Fi Pamọ́ Sínú Kọ̀ǹpútà

Àbúrò mi kan ṣoṣo ni mo jí lẹ́tà rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀tá mi, kò sì bá mi jà rí. Ọmọ ìyá mi ni, ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, mo mọ̀ pé ẹ máa bú mi. Ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ kà á tán kí ẹ tó sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí ohun tí mo fi ṣe iṣẹ́ ibi yìí wà nínú fóònù ẹ̀yin náà.

Awò ojú ni à ń ṣe. Bàbá wa ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, òun ló sì kọ́ àbúrò mi níṣẹ́ kó tó kú. Èmi ni mo máa ń jókòó níwájú, nídìí káńtà. Mo máa ń gba ìwé dókítà ojú lọ́wọ́ oníbàárà, mo máa ń bá wọn yan férémù, mo sì máa ń dáhùn lẹ́tà. Àbúrò mi máa ń wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, nídìí ẹ̀rọ tí a fi ń lọ gíláàsì.

Ojú Àwòdì ni àwọn oníbàárà ń pè é. Bí ìlà tó tín-ín-rín ju irun lọ bá wà lára gíláàsì, á rí i. Èmi kò ní ìnagijẹ kankan. "Ẹ̀gbọ́n Ojú Àwòdì" ni wọ́n ń pè mí, ẹ̀yin náà ẹ wo bí ìyẹn á ṣe dùn mọ́ èèyàn tó.

Àdírẹ́sì ímeèlì kan ṣoṣo la jọ ń lò, ti ilé iṣẹ́. Ó wà lórí kọ̀ǹpútà iwájú, ó sì wà lórí fóònù àbúrò mi. Kí n tó gbé báàgì mi sílẹ̀ láàárọ̀, ó ti dá oníbàárà mẹ́ta lóhùn. Tí wọ́n bá máa dúpẹ́, òun ni wọ́n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń ká mi lára.

Ìgbà tí a wá ra kọ̀ǹpútà tuntun, a pe Bọ̀dá Wáyà. Òun ló ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà ní òpópónà wa, wáyà kì í sì í tán nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá oníawò, ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ yìí lè gbà máa mú lẹ́tà yín wá. Èwo ni kí n ṣe?"

"Kí ni ìyàtọ̀ wọn?"

Ó fa àga, ó jókòó. "Ọ̀kan ń jẹ́ IMAP. Ẹ wò ó bíi pátákó ìkéde. Lẹ́tà kì í kúrò lójú ibẹ̀. Ẹ̀yin lọ kà á, àbúrò yín lọ kà á, nǹkan kan náà lẹ jọ máa rí. Tí ẹ bá já a dànù, ó ti já fún ẹ̀yin méjèèjì. Tí ẹ bá kọ èsì, bí ẹ ò tiẹ̀ tíì fi ránṣẹ́, òun náà á rí èsì yẹn."

"Èkejì ńkọ́?"

"POP nìyẹn. Ìyẹn dà bí ẹni tó lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, tó kó gbogbo lẹ́tà inú àpótí lọ sílé. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀, àpótí òfìfo ló máa bá. Ó dáa fún ẹni tó ń lo ẹ̀rọ kan péré. Ẹ̀yin méjì lẹ ń lò ó, IMAP ni tiyín."

Mo ní, "POP ni kí ẹ ṣe."

Ó wò mí. "Àbúrò yín ò ní máa rí lẹ́tà o. Àbí kí n ní kó máa fi ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ nínú àpótí fún un? Ó ṣeé ṣe."

"Kó má fi nǹkan kan sílẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀yìn ni tirẹ̀, lẹ́tà ni tèmi."

Ó gbé èjìká sókè, ó ṣe é bí mo ṣe wí. Láti ọjọ́ yẹn, ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kọ̀ǹpútà mi á lọ kó gbogbo lẹ́tà wá, á sì gbá àpótí mọ́ féfé.

Àbúrò mi bi mí lọ́jọ́ kejì pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí fóònù mi dákẹ́?"

"Bí kọ̀ǹpútà tuntun yìí ṣe ń ṣe nìyẹn. Lẹ́tà tó bá jẹ́ tìẹ, mo máa tẹ̀ ẹ́ jáde fún ẹ."

"Kò burú," ló wí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fọkàn tán èèyàn, kì í pẹ́ tàn.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ṣe é bó ṣe yẹ. Gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ni mo ń tẹ̀ jáde, mo sì ń fi ọwọ́ ara mi kó o fún un. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, ìgbéraga nìkan ni ǹ bá jẹ́wọ́ lónìí.

Ilé iṣẹ́ ńlá kan wà ní ìlú tó jìn, àwọn ló ń ṣe gíláàsì tí a ń rà. Lọ́dọọdún, wọ́n máa ń mú èèyàn mẹ́fà, wọ́n á kọ́ wọn níṣẹ́ fún ọdún méjì. Àbúrò mi fẹ́ kọ̀wé sí wọn. Ìlànà wọn ni pé orí ímeèlì nìkan làwọn ti máa ń kàn sí èèyàn.

Ó bi mí pé, "Àdírẹ́sì wo ni kí n fún wọn?"

Èmi fúnra mi ni mo dá a lóhùn. "Fi ti ilé iṣẹ́ wa síbẹ̀. Wọ́n á rí i pé ọmọ oníṣẹ́ ni ọ́." Òun náà sì fi fóònù rẹ̀ kọ̀wé ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọkàn mi. Mo rò pé wọn ò ní mú un ni.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni lẹ́tà náà dé. "Inú wa dùn láti sọ fún yín pé a ti yàn yín." Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn kọ́tìnnì, mo ń gbọ́ ohùn ẹ̀rọ, mo sì ń gbọ́ àbúrò mi tó ń kọrin wúyẹ́wúyẹ́.

Mo dìde láti pè é. Ẹ bá mi fi èyí sọ́kàn, mo dìde. Ọwọ́ mi ti wà lára kọ́tìnnì nígbà tí ilẹ̀kùn iwájú ṣí, tí bàbá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà wọlé. Kò tiẹ̀ kí mi.

"Ojú Àwòdì dà? Òun ni mo fẹ́ kó wo awò mi."

Mo padà lọ jókòó. Ó ṣe mí bíi pé ẹnì kan gbá mi létí. Bí ọmọ yìí bá lọ, ta ni wọ́n tún máa wá síbí torí rẹ̀? Ṣé èmi tí mi ò mọ gíláàsì lọ̀? Èmi àti Ìyá wa, tí ojú tiwọn gan-an ti ń ṣú, a ó kàn máa wo ara wa nínú ilé ni.

Mo ṣí àpò tuntun sínú kọ̀ǹpútà, mo sì pè é ní "Ìwé Ìlò Ẹ̀rọ". Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ láyé, ta ló ń ka ìwé ìlò rẹ̀? Mo ju lẹ́tà náà síbẹ̀. Mo ní títí di ìrọ̀lẹ́ ni. Ìrọ̀lẹ́ dé, mo ní títí di ọ̀la.

Ọ̀la dé, àbúrò mi yọ orí láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n ti kọ̀wé?"

"Wọn ò tíì kọ."

Ìgbà tí mo ti sọ ìyẹn, ilẹ̀kùn òótọ́ tì mọ́ mi lẹ́yìn.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, lẹ́tà kejì dé. "A kò tíì gbọ́ láti ọ̀dọ̀ yín. Bí a kò bá rí èsì di ọjọ́ Ẹtì, a ó fi àyè yín fún ẹlòmíràn." Ǹ bá dákẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá. Àmọ́ ẹ̀rù kan ń bà mí: bí wọ́n bá tún kọ̀wé ní ọjọ́ Àìkú ńkọ́, nígbà tí kọ̀ǹpútà bá wà ní pípa, tí fóònù rẹ̀ sì ṣáájú mi dé ìdí àpótí?

Mo bá kọ èsì. "Ẹ ṣeun púpọ̀. Nítorí ọ̀rọ̀ ẹbí, mi ò ní lè wá mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe kọ̀wé sí mi mọ́." Mo wá fi orúkọ àbúrò mi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Orúkọ tí Bàbá wa fún un ni mo fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ síbẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, títí ó fi pé. Mo ju èyí náà sínú àpò yẹn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà.

Oṣù kan kọjá. Àbúrò mi ò bi mí mọ́. Orin ti tán lẹ́yìn kọ́tìnnì, ohùn ẹ̀rọ nìkan ló kù, ẹ̀rọ náà sì ti ń gbọ̀n. Àwọn ìwé iṣẹ́ tó máa ń kà nígbà ọ̀sán, ó kó wọn sábẹ́ tábìlì. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan dá awò padà, ó ní orí ń fọ́ òun. Àbúrò mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti fi gíláàsì ojú ọ̀tún sí ojú òsì. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí.

Ó jókòó sórí àpótí férémù, ó sì di awò náà mú lórí itan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé Bàbá kàn ń tàn mí ni?"

"Lórí kí ni?"

"Wọ́n ní ojú mi dáa ju tiwọn lọ. Bóyá torí pé ọmọ wọn ni mí ni wọ́n ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó mọṣẹ́ jù wá lọ ti wo iṣẹ́ mi, wọn ò tiẹ̀ rò pé ó tó dá lóhùn."

Mo fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Mo ní, "Má dá wọn lóhùn. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n pàdánù." Ẹnu mi yìí náà ló sọ ọ́. Ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Nílé, Ìyá wa ń bi mí. "Ọmọ yìí ò jẹun mọ́. Bí o bá mọ nǹkan tó ń ṣe é, wí fún mi."

"Á tán lára rẹ̀, Ìyá."

"Mi ò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ etí mi ò tíì di. Ohùn rẹ yìí kò mọ́lẹ̀."

Mo kó abọ́, mo lọ fọ̀ ọ́. Mo fọ abọ́ tó ti mọ́.

Mo gbìyànjú láti jẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀sán kan ni, kò sí oníbàárà. Mo ní, "Mo fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀." Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Tó bá jẹ́ ti gíláàsì tí mo ṣì ṣe yẹn, ẹ má bínú, kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ti gíláàsì yẹn ni. Ojo ni mí, kí n má pa irọ́.

Ìgbà tó yá, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ké kẹ̀kẹ̀kẹ̀ nínú. Bọ̀dá Wáyà gbé etí tì í, ó mi orí.

"Ẹ̀rọ yìí ti ń kú lọ. Gbogbo lẹ́tà yín, inú rẹ̀ nìkan ló wà. Ìwé dókítà gbogbo oníbàárà yín ńkọ́?"

"Inú lẹ́tà yẹn náà ni."

"Ẹ rí ohun tí mo wí nígbà yẹn? Tó bá kú, gbogbo rẹ̀ ló bá a wọ ibojì. Ẹ jẹ́ kí n yí i sí IMAP báyìí, kí n sì kó àwọn lẹ́tà àtijọ́ lọ síbi tí wọn ò ti lè sọnù."

Mo nawọ́ sí kọ̀ǹpútà. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún nǹkan kan ṣe níbẹ̀."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Tó bá dákú báyìí, kò ní jí mọ́."

Mo bi í pé, "Ṣé àwọn àpò tí mo ṣí síbẹ̀ máa wà bí wọ́n ṣe wà?"

"Tòun ti orúkọ wọn."

Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ìwé ìlò ẹ̀rọ ni, ta ló máa ṣí i? Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn. "Ojú Àwòdì! Mú fóònù rẹ wá kí n tún tìẹ náà ṣe!"

Àbúrò mi jáde. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé màá tún máa rí lẹ́tà?"

"Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ń rí."

Mo ń wo nọ́ńbà tó ń gòkè lójú kọ̀ǹpútà. Ogójì. Igba. Ẹgbẹ̀rin. Lórí káńtà, fóònù àbúrò mi ń dún tín-tín-tín, kò sì dákẹ́. Ó gbé e, ó ń fi ìka wọ́ ọ lọ sísàlẹ̀.

"Háà!" ló wí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní ìwé ìlò ẹ̀rọ níbí, ẹ ò sọ fún mi! Ẹ̀rọ Bàbá ti ń gbọ̀n láti ọjọ́ yìí, mo ti ń wá ìwé rẹ̀ kiri."

Gbogbo ayé yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló ń ka ìwé ìlò ẹ̀rọ. Àbúrò mi ni. Báwo ni mo ṣe gbàgbé?

Mo ní, "Má ṣí i," àmọ́ ó ti ṣí i.

Ìka rẹ̀ dúró. Ó kà á. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń kà. Bọ̀dá Wáyà ṣì ń sọ̀rọ̀, ó ń ṣàlàyé bí a ó ṣe máa lò ó. Àbúrò mi kà á tán, ó ṣí èkejì, ó kà á, ó ṣí ìkẹta.

Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa láyè díẹ̀." Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, ó wo tèmi, ó kó wáyà rẹ̀, ó jáde.

"Ọjọ́ wo lẹ kà á?"

"Ọjọ́ tó dé."

"Ọjọ́ tí mo bi yín bóyá Bàbá ń tàn mí, ó ti wà níbẹ̀?"

"Ó ti wà níbẹ̀."

"Èyí tó ní orúkọ mi nísàlẹ̀, ta ló kọ ọ́?"

Ó kàn dúró, ó ń wò mí, pẹ̀lú ojú tó ń rí ìlà lára gíláàsì.

"Èmi ni," mo wí. Mo bú sẹ́kún. "Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé o máa lọ, o ò sì ní padà wá mọ́."

"Ọdún méjì ni mo fẹ́ lò, ẹ̀gbọ́n mi. Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí mo fi béèrè pé mo fẹ́ padà wá sídìí ẹ̀rọ Bàbá, kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lè fẹ ilé iṣẹ́ náà lójú. Orúkọ yín wà níbẹ̀."

Lẹ́tà yẹn ò dé ọ̀dọ̀ mi. Orí fóònù rẹ̀ ló ti kọ ọ́, orí fóònù rẹ̀ ló sì dúró sí. Bí mo ṣe ní kí ẹ̀rọ náà ṣe nìyẹn: kí tèmi jẹ́ tèmi, kí tirẹ̀ jẹ́ tirẹ̀.

Ó padà sẹ́yìn kọ́tìnnì. Mo gbọ́ ẹ̀rọ. Ó lọ gíláàsì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó nù ún, ó fi sínú férémù, ó gbé e ka káńtà níwájú mi. "Ti tíṣà ni. Wọ́n á wá gbà á lọ́la." Ó gbé báàgì rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà, kò wẹ̀yìn.

Ó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ńlá náà. Wọ́n ní àyè ti kún. Ó lọ gba iṣẹ́ ní ilé awò kan ní ìlú mìíràn. Ìyá wa gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu mi. Wọn ò pariwo. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ: "Ìwọ tí o pọ̀n ọ́n." Láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbé oúnjẹ wá fún wọn, "o ṣé" ni wọ́n máa ń wí, bí ẹni tó wà nílé onílé.

Lọ́jọ́ Àìkú, àbúrò mi máa ń pe Ìyá. Tí èmi bá gbé fóònù, á ní, "Ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi fún Ìyá ní fóònù." Ọmọ yìí kò pè mí ní mà rí láyé. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń pè mí. Bó bá bú mi, kò lè dùn mí tó mà yẹn.

Ní báyìí, a máa ń fi lẹ́tà gbé iṣẹ́ fún àwọn tó ń lọ gíláàsì níta, èmi ni mo sì ń kọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Lóṣù tó kọjá, mo ń kọ ọ̀kan lọ́wọ́ nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Mo fi í sílẹ̀ láìtíì fi ránṣẹ́. Mo wá kọ òmíràn, tí kò ní àdírẹ́sì ẹnikẹ́ni. "Àbúrò mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Dárí jì mí." Mo fi òun náà sílẹ̀ síbẹ̀, mo pa ẹ̀rọ, mo lọ sílé.

Láàárọ̀, mo ṣí i. Èyí àkọ́kọ́ ti yí padà. Níbi tí mo ti kọ àmì àròpọ̀ síwájú nọ́ńbà ojú òsì, ẹnì kan ti sọ ọ́ di àmì àyọkúrò. Mo sáré wá ìwé dókítà. Òótọ́ ni, mo ti ṣì í kọ. Oníbàárà yẹn ì bá fi awò náà ṣubú.

Ẹnì kan ṣoṣo yàtọ̀ sí èmi ló ní àpótí lẹ́tà yìí lórí fóònù rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé kò tíì yọ ọ́ kúrò.

Mo ṣí èkejì. Kò fọwọ́ kàn án. Kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Ṣùgbọ́n kò pa á rẹ́.

Èmi náà ò tíì pa á rẹ́. Àràárọ̀ ni mo máa ń ṣí i wò kí n tó ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà.